Íápíìsì Tí Ohùn Rẹ̀ Lọ Sílẹ̀: Bí Ẹ Ṣe Máa Wá Ibi Tí Ohùn Ń Sọnù Sí Kí Ẹ Tó Ra Òmíràn

Ẹ ti tẹ bọ́tìnì ohùn dé òkè pátápátá, kò sí ibi tó tún fẹ́ lọ mọ́, síbẹ̀ ìka lẹ fi ń ti íápíìsì mọ́ etí kí ẹ tó gbọ́ ohun tí olórin ń sọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé a ó ra íápíìsì tuntun lẹ́bàá títì. Bí tuntun náà kò bá dún ju ti àtijọ́ lọ, a ó tún ra òmíràn. Àwọn kan á lọ wa áàpù tó ní òun ń fẹ ohùn, àwọn kan á fi abẹ́rẹ́ tú ihò fóònù títí ihò náà yóò fi bàjẹ́ tán.

Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé a ń ṣe àtúnṣe ká tó mọ ibi tó bàjẹ́. Ohùn lè sọnù nínú íápíìsì, ó lè sọnù nínú ihò tí wáyà ń gbà wọlé, ó lè jẹ́ pé Settings ló dí i lọ́nà, ó sì lè jẹ́ áàpù tó ń kọrin ló ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nígbà míì, etí wa gan-an ni. Ìgbésẹ̀ kìíní nísàlẹ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ má fò ó.

Ohun tí ẹ nílò

- Fóònù yín àti íápíìsì tó ń yọ yín lẹ́nu.
- Íápíìsì mìíràn tó dájú pé ó ń dún dáadáa. Ẹ yá a lọ́wọ́ ẹnìkan nínú ilé.
- Fóònù ẹlòmíràn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
- Orin kan tí ẹ mọ̀ dáadáa, tó wà nínú fóònù fúnra rẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi orin kan náà ránṣẹ́ sí fóònù kejì.
- Igi ìtayín, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rírọ̀ tó gbẹ, tọ́ọ̀ṣì, òwú, àti spirit díẹ̀.

Ẹ fi abẹ́rẹ́, píìnì, kẹrosíìnì àti omi sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ inú ihò fóònù, nítorí itọ́ máa ń bá atẹ́gùn wọlé, irin tó wà nínú ibẹ̀ á sì dípẹtà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pa fóònù náà, kí ẹ tún un tàn. Ó máa ń yanjú ọ̀rọ̀ mìíràn láìsí wàhálà kankan. Bí kò bá yanjú, ẹ tẹ̀ síwájú, kí ẹ sì máa yí nǹkan kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́ta padà pọ̀ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

1. Ẹ wá ibi tí ohùn ti ń sọnù

Ẹ wọ inú yàrá tó dákẹ́. Ẹ má dán an wò nínú dáńfó tàbí nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn fèrèsé, nítorí kò sí íápíìsì tí ohùn rẹ̀ kò ní dà bí ẹni pé ó kéré níbẹ̀.

Ẹ ki íápíìsì yín bọ fóònù yín, ẹ gbé ohùn sí ìdajì, kí ẹ gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ orin náà. Ẹ yọ ọ́, ẹ ki èyí tí ẹ yá bọ ibẹ̀, kí ẹ gbọ́ ibì kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé íápíìsì yín lọ sórí fóònù kejì, ẹ tún gbọ́ ọ.

Bí íápíìsì yín bá kéré lórí fóònù méjèèjì, òun ló ní àìsàn. Ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ 3. Bí íápíìsì méjèèjì bá kéré lórí fóònù yín, tí wọ́n sì dún geere lórí èkejì, ihò fóònù tàbí Settings ni, ìyẹn ìgbésẹ̀ 4 àti 5. Bí ohun gbogbo bá dún dáadáa lásìkò ìdánwò yìí, tó jẹ́ pé áàpù kan ṣoṣo ló ń mú un kéré, ìgbésẹ̀ 7 ni tiyín. Ẹni tó ń lo Bluetooth yóò kọ́kọ́ ṣe ìgbésẹ̀ 3 kó tó lọ sí 6.

Bí ó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ló kéré, ẹ ṣe èyí: ẹ pààrọ̀ wọn. Ẹ fi tọ̀tún sí etí òsì, kí ẹ fi tòsì sí etí ọ̀tún. Bí kíkéré náà bá tẹ̀lé íápíìsì lọ sí etí kejì, íápíìsì tàbí fóònù ló fà á. Ṣùgbọ́n bí etí tí kò gbọ́ dáadáa tẹ́lẹ̀ kò bá ṣì gbọ́ dáadáa pẹ̀lú èyí tó ń dún ní etí kejì, etí lẹ ó tọ́jú, kì í ṣe fóònù. Ìdọ̀tí etí lè ti dí ibẹ̀. Ẹ má ti òwú orí igi wọ inú etí, ńṣe ló máa ń ti ìdọ̀tí náà wọlé sí i. Ẹ lọ rí dókítà. Bí etí kan bá ṣàdédé di lóru ọjọ́ kan, láìsí ìdí kankan, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí ẹ tó kúrò níbí, ẹ gbọ́dọ̀ lè parí gbólóhùn yìí láìṣiyèméjì: "Ohùn máa ń kéré nígbà tí…" Bí ẹ kò bá tíì lè parí rẹ̀, ẹ tún ìdánwò náà ṣe.

2. Ẹ rí i dájú pé ohùn tó yẹ lẹ ń gbé sókè

Fóònù kò ní ohùn kan ṣoṣo. Ti orin àti fídíò yàtọ̀, ti ìpè yàtọ̀, ti agogo ìpè, ti àlámù àti ti ìfitónilétí náà yàtọ̀. Lórí Android, ẹ jẹ́ kí orin máa dún, ẹ tẹ bọ́tìnì ohùn, kí ẹ wá fọwọ́ kan àmì kékeré tó yọ lójú fóònù kí gbogbo wọn lè hàn. Èyí tó ní àmì orin lẹ ó gbé sókè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ti ìpè. Wọ́n á gbé ohùn sókè kí wọ́n tó pe èèyàn, wọ́n á wá máa ṣàròyé pé àwọn kò gbọ́ ẹni tó wà lódìkejì. Ohùn ìpè, ìgbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìpè WhatsApp.

Ó ti ṣiṣẹ́ bí orin bá lọ sókè tó sì wá sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń fa ìlà náà. Bí ìlà bá ń lọ ṣùgbọ́n tí ohùn kò yí padà, ẹ ka ìgbésẹ̀ 6.

3. Ẹ nu ẹnu íápíìsì

Ẹ yọ rọ́bà orí íápíìsì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu rẹ̀. Asẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀. Bí ó bá mọ́, ẹ ó rí ojú asẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá dọ̀tí, ẹ ó rí nǹkan bí epo gbígbẹ, aláwọ̀ ìyeyè tàbí ilẹ̀pa, tó ti bo ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdọ̀tí etí tó pò mọ́ òógùn àti eruku ni. Ibẹ̀ gan-an ni ohùn ń há sí, ó sì sábà máa ń kan ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ.

Ẹ kọ ojú íápíìsì náà sí ilẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a láti ìsàlẹ̀, kí ìdọ̀tí lè jábọ́ síta. Bí ẹ bá kọ ojú rẹ̀ sókè, inú lẹ ó máa gbá a wọ̀. Ẹ ní sùúrù, ẹ máa gbá a díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ẹ lè fi omi àti ọṣẹ fọ rọ́bà rẹ̀ nìkan, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà.

Ẹ má fi píìnì gún asẹ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni awọ tín-ínrín tó ń gbọ̀n, tó ń mú ohùn jáde, wà. Bí ẹ bá ti lu awọ yẹn, kò sí ẹnjiníà tó máa tún un ṣe fún yín ní owó tó kéré ju ti íápíìsì tuntun lọ. Ẹ má sì da spirit sínú ẹnu íápíìsì.

Nǹkan kan tún wà níbí tí a kì í kà sí. Rọ́bà tó kéré ju ihò etí lọ máa ń jẹ́ kí ohùn jò jáde, bass á sì lọ pátápátá. Ẹ fi ìka rọra ti íápíìsì wọ etí díẹ̀ nígbà tí orin ń dún. Bí ìlù bá ṣàdédé kún, rọ́bà lẹ ó pààrọ̀ sí èyí tó tóbi sí i. Àwọn rọ́bà yòókù máa ń wà nínú páálí tí íápíìsì bá wá, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti jù nù.

Ẹ tún gbọ́ orin yẹn ní ìdajì ohùn. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá ti dọ́gba, ó ti parí. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹ ṣe ń mi wáyà nítòsí ibi tó ti wọ irin, wáyà ti já nínú. Íápíìsì yẹn ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán, tuntun ló kù.

4. Ẹ wo inú ihò fóònù

Lásìkò ọyẹ́, iṣẹ́ yìí nìkan ló máa ń tó fún ọ̀pọ̀ fóònù. Eruku tó wọ ihò yóò pàdé òwú wẹ́wẹ́ láti inú àpò ṣòkòtò, íápíìsì tí ẹ ń kì bọ̀ lójoojúmọ́ yóò sì máa tẹ̀ wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀, títí wọn yóò fi di ìṣù kan tó le. Láti ìgbà yẹn, orí wáyà kò ní wọlé tán mọ́. Mo mọ ẹnìkan tó ra íápíìsì léraléra, tó sì ń bú àwọn tó ń tà á, nígbà tó jẹ́ pé ìṣù òwú aláwọ̀ eérú, tí kò tó ẹyọ ìrẹsì, ló jókòó sínú ihò fóònù rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ nìyí: ẹ ki íápíìsì bọ̀ ọ́ kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí irin bá ṣì yọ síta díẹ̀, kò tíì wọlé tán. Ẹ kọ́kọ́ bọ́ pouch fóònù kúrò, nítorí pouch tó nípọn náà máa ń dá a dúró.

Àmì mìíràn wà tó máa ń dẹ́rù ba èèyàn: ohùn olórin á pòórá, ẹ ó máa gbọ́ ohun èlò orin láti ọ̀nà jíjìn bí ẹni pé inú kànga ni wọ́n wà. Ohun tó ń fà á ni pé irin kan ṣoṣo tí etí ọ̀tún àti etí òsì jọ ń lò kò fara kan fóònù. Nígbà náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín òsì àti ọ̀tún nìkan lẹ ń gbọ́. Ohùn olórin, tó máa ń dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á sì pa ara rẹ̀ rẹ́. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì ara wáyà mọ́lẹ̀ tí olórin padà wá, tó tún lọ nígbà tí ẹ fi í sílẹ̀, ìlànà tí wọ́n fi ṣe íápíìsì yẹn ni kò bá ti fóònù yín mu. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn íápíìsì àtijọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀.

Láti yọ ìdọ̀tí, ẹ pa fóònù pátápátá. Ẹ kọ ihò náà sí ilẹ̀. Ẹ fi orí igi ìtayín rọra họ ògiri inú ihò náà yíká, kí ẹ máa fà á síta. Ẹ má gún un. Ẹ máa fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Bí orí ìtayín bá ń fẹ́ ṣẹ́, ẹ dúró kí ẹ mú òmíràn, nítorí èyí tó bá kán sínú ihò yóò di wàhálà ńlá.

Bí fóònù yín kò bá ní ihò róbótó, tó jẹ́ USB-C tí ẹ fi ń ṣájì náà lẹ fi ń gbọ́ orin, irin pẹlẹbẹ kan wà láàárín ihò náà. Ẹ má kan án. Ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ nìkan ni kí ẹ họ.

Ẹ wá fi òwú tí spirit díẹ̀ kàn lára nu orí wáyà íápíìsì títí yóò fi tàn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́.

Bí ó bá ti ṣe rẹ́gí, ẹ ó gbọ́ ìró "kẹ́" kékeré nígbà tí wáyà bá wọlé tán. Irin kankan kò ní yọ síta, ohùn kò sì ní já bí ẹ bá rọra yí wáyà náà.

5. Ẹ yẹ Settings wò

Lórí Samsung: Settings, Sounds and vibration, Volume, kí ẹ tẹ àmì kékeré mẹ́ta (⋮) tó wà lókè, kí ẹ wá Media volume limit. Bí ó bá wà ní títàn, kò sí bí ẹ ṣe máa tẹ bọ́tìnì tó, ohùn kò ní kọjá ibi tí wọ́n ti dá a dúró.

Lórí iPhone: Settings, Sounds & Haptics, Headphone Safety, Reduce Loud Audio. Ìlà tó wà níbẹ̀ ń lọ láti 75 dé 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ohùn ṣe pariwo tó. Bí ẹnìkan bá ti fà á sí 75, íápíìsì yín yóò máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí kò bá gbà kí ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ wo Screen Time, bóyá òbí tàbí ẹni tó ni fóònù tẹ́lẹ̀ ti tì í pa.

Lórí Tecno, Infinix, itel àti àwọn yòókù, orúkọ máa ń yàtọ̀ láti fóònù kan sí òmíràn. Ẹ kọ "volume" sínú àpótí ìwákiri tó wà lókè Settings.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ Accessibility, kí ẹ wá ibi tó ń pín ohùn sí òsì àti ọ̀tún. Àmì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín gbùngbùn. Ọwọ́ ọmọdé lè ti sún un. Ẹ wo equalizer (EQ) náà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ṣètò bass àti àwọn ohùn yòókù. Bí gbogbo ìlà rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ àárín, òun ló ń rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ dá a padà sí Normal tàbí Flat.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbí. Kì í ṣe ìkà ló mú kí wọ́n fi ìdíwọ́ yẹn síbẹ̀. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé àgbàlagbà lè fi ohùn 80 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì gbọ́ nǹkan fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bí ó bá di 90, wákàtí 4 péré ni fún ọ̀sẹ̀ odindi. Ti ọmọdé kò gbọdọ̀ ju 75 lọ fún wákàtí 40. Etí tí ariwo bá bàjẹ́ kì í padà sípò. Nítorí náà, bí fóònù náà bá jẹ́ ti ọmọ, ẹ fi ìdíwọ́ náà sílẹ̀.

Bí ó bá ti ṣiṣẹ́, ìyàtọ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdajì ohùn àti òkè pátápátá, kì í ṣe kó dúró sójú kan láti ìdajì lọ.

6. Fún ẹni tó ń lo Bluetooth

Ẹ ṣájì íápíìsì àti fóònù méjèèjì kí ẹ tó dán ohunkóhun wò. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Bluetooth, ẹ tẹ orúkọ íápíìsì náà, kí ẹ yan Forget tàbí Unpair, kí ẹ sì tún so wọ́n pọ̀. Ní ojú ìwé kan náà, Media audio gbọ́dọ̀ wà ní títàn.

Àwọn íápíìsì kan ní ohùn tiwọn, tó yàtọ̀ sí ti fóònù. Bí ti fóònù bá wà lókè tí ti íápíìsì sì wà nísàlẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ díẹ̀. Ẹ lo bọ́tìnì ara íápíìsì gan-an.

Bí ìlà ohùn ojú fóònù bá ń lọ láìsí ìyàtọ̀, ọ̀nà kan wà lórí Android. Ẹ wọ About phone, ẹ wá Build number, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méje tẹ̀léra. Lórí Samsung, inú Software information ló wà. Developer options yóò yọ nínú Settings. Nínú rẹ̀, ẹ tan Disable absolute volume, kí ẹ pa Bluetooth kí ẹ tún un tàn. Láti ìgbà náà, fóònù àti íápíìsì á ní ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fa méjèèjì wá sílẹ̀ kí ẹ tó fi sí etí, nítorí ó lè pariwo gan-an lójijì. Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn nínú Developer options.

Bí ohùn bá kéré tó sì tún dà bí ti rédíò àtijọ́, áàpù kan ló ń lo gbohùngbohùn íápíìsì náà lọ́wọ́: géèmù tí ẹ ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ìpè tí kò tíì parí, tàbí áàpù tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹ pa á, orin á mọ́.

Ẹ tẹ bọ́tìnì ohùn lórí fóònù, kí ẹ tẹ ti íápíìsì náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yí ohùn padà.

7. Bí ó bá jẹ́ áàpù kan ṣoṣo

Nínú Settings ti Spotify, ẹ wá Volume level. Bí ó bá wà ní Quiet, ẹ gbé e sí Normal tàbí Loud. Lórí iPhone, áàpù Music ní Sound Check, tó ń mú kí ohùn gbogbo orin dọ́gba, àti EQ tirẹ̀ nínú Settings. Ẹ pa méjèèjì, kí ẹ gbọ́ ìyàtọ̀.

Ti ìwàásù àti wáàsì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tún yàtọ̀. Ẹni tó gbà á sílẹ̀ lè ti jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ohùn náà ti kéré láti ìpìlẹ̀. Fóònù yín kò ní ẹ̀bi kankan. Ẹ fi áàpù VLC ṣí i. Lórí Android, nínú Settings rẹ̀, abala Audio, ẹ tan Audio boost, yóò lè gbé ohùn dé ìlọ́po méjì.

Àwọn áàpù tó ń pe ara wọn ní volume booster kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọn kò lè yọ ìdọ̀tí kúrò nínú asẹ́, wọn kò lè so wáyà tó já. Ohùn tó ti kún tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fẹ̀ sí i, á wá máa họ létí.

Bí ìwàásù yẹn bá gbọ́ yékéyéké láìjẹ́ pé ẹ gbé ti fóònù dé òkè, ó ti tó.

8. Bí ẹ bá ń lo wáyà ìyípadà USB-C

Wáyà kúkúrú tó ń so íápíìsì onírin róbótó mọ́ ihò USB-C nìyí. Oríṣi méjì ló wà lọ́jà, wọ́n sì jọra. Ọ̀kan jẹ́ wáyà lásán, èkejì ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní DAC nínú, tó ń sọ orin inú fóònù di ohùn tí íápíìsì lè gbé jáde. Google Pixel láti orí Pixel 2, àti àwọn Samsung tí kò ní ihò róbótó, DAC ni wọ́n ń fẹ́. Wáyà lásán kò ní dún lórí wọn. Wáyà ìyípadà USB-C ti Apple ní DAC, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ máa ń kéré lórí ọ̀pọ̀ Android. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ra hẹ́dífóònù ńlá, ẹ wo ara páálí rẹ̀ náà. Nọ́ńbà tó ní àmì Ω (ohm, ìwọ̀n bí ó ṣe ń dí iná lọ́nà) ni kí ẹ wá. Èyí tó jẹ́ 16 sí 32 Ω, fóònù á gbé e láìsí wàhálà. Èyí tó jẹ́ 250 Ω, ti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ ni. Lórí fóònù, yóò kéré láti ọjọ́ kìíní.

Ẹ dán wáyà náà wò lórí fóònù yín gan-an níwájú ẹni tó ń tà á, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

9. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ ẹnjiníà

Bí ihò bá mọ́, tí Settings pé, tí íápíìsì tó dára ṣì kéré, ihò náà ti jẹ tàbí ohun kan ti ṣe pátákó inú fóònù. Ẹ má gbà kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Factory reset láìjẹ́ pé ẹ ti kó àwòrán àti nọ́ńbà yín pamọ́, nítorí gbogbo rẹ̀ ló máa ń pa rẹ́.

Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún un: "Íápíìsì méjì ló kéré lórí rẹ̀, wọ́n dún lórí fóònù mìíràn, mo ti nu ihò, mo ti wo Settings." Kò ní máa méfò, kò sì ní ta íápíìsì fún yín.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi íápíìsì yín kan náà gbọ́ orin kan náà ní ìdajì ohùn, etí méjèèjì. Ẹ yí orí wáyà nínú ihò bóyá yóò já. Ẹ pe ẹnìkan kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ yín. Ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, nítorí lára ọ̀pọ̀ fóònù, pátákó kan náà ló gbé ihò íápíìsì, ihò ṣájà àti gbohùngbohùn.

Ẹ gba ihò àtijọ́ tí wọ́n yọ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fojú ara yín rí i.